Ta Ni Afọbajẹ Àwọn Olùkọ́?

Tí yunifásítì méjì láti orílẹ̀-èdè méjì bá ní àwọn fẹ́ jọ dá ẹ̀kọ́ oyè gíga kan sílẹ̀, owó nìkan kọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Ó di ìgbà tọ́rọ̀ bá kan ìbéèrè kan báyìí kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n: ta ni yóò dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn láti kọ́ wọn, ta ló sì láṣẹ láti yàn án? Kò ṣàjèjì sí àwa Ẹ̀gbá. Kí a tó bèèrè pé ta ni yóò jọba, a máa ń fẹ́ mọ àwọn tó jẹ́ afọbajẹ.

Ìtòrí ni mo ti ń kọ èyí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí èsì JAMB bá jáde, kò sí ibi tí ẹ ó dé tí wọn ò ní máa sọ̀rọ̀ nípa máàkì: mélòó ni FUNAAB fẹ́, mélòó ni Ìbàdàn fẹ́, ta ló mọ èèyàn níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bí wọ́n ṣe yan olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ìtàn tó wà nídìí ìbéèrè yẹn gùn, ó sì kan àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1872. Ọdún náà ni Edward Wilmot Blyden, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Thomas tó wá di ará Làìbéríà, ń kọ lẹ́tà sí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Sierra Leone, John Pope Hennessy, pé kí wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe ilé nìkan ni Blyden ń bèèrè. Ó fẹ́ kó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni yóò máa kọ́ni níbẹ̀, torí ó gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ló ń pinnu irú èèyàn tí ọmọ náà máa dà. Ohun tí wọ́n fún un kọ́ ló bèèrè. Ní 1876, Fourah Bay College ní Freetown, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ CMS ti dá sílẹ̀ láti 1827, tí Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀, so ara rẹ̀ mọ́ Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ Yorùbá lè jókòó sí Freetown kó gba oyè Durham. Ìwé ẹ̀rí wá sílé, àṣẹ dúró sókè òkun. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun náà ló tún padà wá ní àádọ́rin ọdún ó lé lẹ́yìn náà.

Nílẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ṣí Higher College ní Yaba ní 1934. Ilé ẹ̀kọ́ náà dára, iṣẹ́ ibẹ̀ le bí ojú ẹja, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kò kọjá Nàìjíríà. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yaba, igbákejì dókítà ni wọ́n máa pè é, ẹni tó gba tiẹ̀ láti London ló máa jẹ́ dókítà gan-an, owó oṣù wọn kò sì ní rí bákan náà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọ̀rọ̀ Yaba yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement lọ́dún kan náà, èyí tí Samuel Akinsanya, tó padà wá jẹ Ọdẹ̀mọ Ìṣarà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ rèé. Àwọn bàbá wa ò fẹ́ ayédèrú. Nígbà tí òyìnbó bá ní òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí yóò bá ipò Áfíríkà mu, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ó fẹ́ já àwọn sí ipò kejì. Nítorí náà, nígbà tí London dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fi ipá mú wa gbà á. A fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń sọ lónìí pé ìjọba amúnisìn kàn gbé London lé wa lórí, ìdajì ìtàn ni wọ́n ń sọ.

Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Walter Elliot láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà: Korsah láti Gold Coast, Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé ìwé Abeokuta Grammar School àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá Fẹlá. Àwa a máa sọ̀rọ̀ Fẹlá àti ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, débi pé a máa ń gbàgbé pé ọkùnrin yìí wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò ibi tí yunifásítì wa àkọ́kọ́ máa wà.

Ìgbìmọ̀ náà pín sí méjì. Àwọn tó pọ̀ jù, tí àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàárín wọn, ní kí ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Nàìjíríà, kó wà ní Gold Coast, kí wọ́n sì tún ti Fourah Bay ṣe ní Sierra Leone. Àwọn tó kéré, tí Arthur Creech Jones àti Julian Huxley wà lára wọn, ní ọ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kó sì wà ní Ìbàdàn. Kí nìdí? Lára àwíjàre wọn ni pé àwọn olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n kò pọ̀ tó, àti pé ibi kan ṣoṣo ni kí wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ìjọba London kọ́kọ́ mú ti àwọn díẹ̀ yìí ní 1946. Àwọn ará Gold Coast fárí ga, wọ́n ní àwọn máa fi owó ara àwọn kọ́ tàwọn, nígbà tó sì di 1947, London gbà. Ìdí nìyẹn tí Ìbàdàn àti Legon fi jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn lónìí, ọdún 1948 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí gan-an. Ọ̀rọ̀ pé olùkọ́ kò tó, àwọn kan lò ó láti fi dín iye ilé ẹ̀kọ́ kù, àwọn mìíràn dáhùn pé tí olùkọ́ ò bá tó, ẹ jẹ́ ká tọ́ wọn. Ìjà yẹn kò tíì parí.

University College Ibadan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1948 ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí wọ́n ti fi ṣe ilé ìwòsàn ológun nígbà ogun Hitila. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún (104) ni wọ́n kó wá láti Yaba. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ni Kenneth Mellanby, òyìnbó onímọ̀ kòkòrò. Nígbà tó di 17 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Creech Jones kan náà, tó ti wá di mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wá síbi tí ọgbà tuntun máa wà láti gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn ni Ìbàdàn ṣì ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ lọ́dọọdún títí dòní.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n oyè Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àjọṣe pàtàkì ni wọ́n pè é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: àwọn olùkọ́ Ìbàdàn lè dábàá àtúnṣe sí ìlànà ẹ̀kọ́, London ló máa fọwọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn lè bá wọn ṣètò ìdánwò, London ló máa sọ pé èyí yege, èyí kò yege. Tí àyè iṣẹ́ olùkọ́ bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á kéde rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, Inter-University Council, á bá wọn wá èèyàn, á sì ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní London, pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n London lórí ìjókòó. Ìgbìmọ̀ alákòóso Ìbàdàn ló máa fún onítọ̀hún ní lẹ́tà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀: orúkọ tí afọbajẹ bá ti gbé síwájú ni ìlú máa ń rí. Èyí tí wọn ò bá gbé síwájú, ìlú ò tiẹ̀ ní gbọ́ pé ó wà.

Ṣé ìwà ibi ni? Rárá o. Ronú sí i. Tí London bá máa fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí, ó tọ́ kó fẹ́ mọ ẹni tó ń kọ́ni. Òǹtẹ̀ àti àṣẹ láti yan olùkọ́ jọ máa ń rìn ni, bí òpó àti òrùlé. A fẹ́ òǹtẹ̀ náà, àṣẹ sì bá a wọlé. Àpẹẹrẹ tó le jù ni ti àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà kò dé òṣùwọ̀n tí London ń fẹ́ láti fi kọ́ àwọn dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní láti wọ ọkọ̀ òkun lọ parí rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn London. Ó di 1957 tí wọ́n ṣí UCH kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yí padà. Àwọn kan sọ pé ìtìjú ni. Lójú tèmi, tí kì í bá ṣe pé London kọ Adéọ̀yọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tètè kọ́ UCH rárá.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Chinua Achebe wà nínú àwọn tó wọlé ní 1948. Ìṣègùn ló wá kọ́, ó sì yí i padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí wọ́n ṣe ní kí kíláàsì wọn ka ìwé Mister Johnson tí Joyce Cary kọ nípa ọmọ Nàìjíríà kan, tí olùkọ́ òyìnbó wọn rò pé ìwé ńlá ni, tí àwọn ọmọ kíláàsì sì kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Òun náà ló sọ pé James Welch, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, sọ fún òun láìfi bọpo bọyọ̀ pé ohun tí àwọn mọ̀ nìkan ni àwọn lè fi kọ́ wọn, ó sì lè má jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ náà nílò. Ọkùnrin tó ń sọ òótọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé olùkọ́ náà burú. Ibi tí wọ́n ti yàn án ló ti yan ìwé náà pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Achebe wọ Ìbàdàn, ó fún Cary lésì pẹ̀lú Things Fall Apart.

Ẹ̀ka ìtàn ni ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ Ẹ̀gbá kejì wà nínú ìtàn wa. Tó o bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn ní àwọn ọdún 1940, o ò lè gbà á nílé. London lo máa lọ. Kenneth Dike lọ, ó kọ iṣẹ́ lórí òwò àti òṣèlú ní ẹnu odò Ọya, ó gba oyè rẹ̀ ní 1950, ó sì padà sí Ìbàdàn wá kọ́ni. Saburi Biobaku, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1918, tó ti gba Yaba kọjá lọ sí Cambridge, gba tiẹ̀ ní London ní 1951. Kí ló kọ ọ́ lé lórí? Ìtàn àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn tó yí wọn ká, láti 1842 sí 1872. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ Ẹ̀gbá, tó ń kọ ìtàn Ẹ̀gbá, tó wá jókòó síwájú àwọn olùdánwò London kí wọ́n tó gbà pé ó mọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Ó ya ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dúró. Oxford tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957, títí dòní, kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé nípa Ẹ̀gbá tí kò ní kọ́kọ́ bá Biobaku sọ̀rọ̀.

Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n gba òǹtẹ̀ London, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn. Biobaku di akọ̀wé àgbà Ìbàdàn ní 1953, ipò tí wọ́n ń pè ní Rẹ́jísírà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀. Rẹ́jísírà ni gbogbo ìwé ìgbanisíṣẹ́ máa ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Dike di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní 1956, ó sì di ọ̀gá àgbà ní 1960. Ìtàn Áfíríkà, tí àwọn kan ní London ṣì ń bèèrè bóyá ó tiẹ̀ wà, di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀rí tó ti ẹnu àwọn àgbà wá. Ade Ajayi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú oyè London tiẹ̀ ní 1958. Ní 1962, Ìbàdàn já okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní oyè ara rẹ̀.

Tí mo bá parí ìtàn yìí síbí, ẹ ó rò pé ohun gbogbo dára nígbà tí àṣẹ ti bọ́ sí ọwọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ọmọ Igbo, ni gíwá àkọ́kọ́. Ó tún jẹ́ ibi tí àwọn olùkọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́ta Njoku pé ní 1965, àwọn alákòóso yunifásítì náà kọ̀ láti tún un yàn, Biobaku ni wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti òṣèlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Gower, òyìnbó tó jẹ́ olórí ẹ̀ka òfin, wà lára àwọn tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ gún Biobaku. Orí ló kó o yọ, ó sì wà lórí àga náà títí di 1972. Njoku lọ di gíwá ní Nsukka.

Mo mọ̀ pé ọmọ Abẹ́òkúta á fẹ́ gbèjà Biobaku, èmi náà á sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Akọni ọ̀mọ̀wé ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó yẹ ni wọ́n yàn, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn án ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìgbìmọ̀ London ìgbà yẹn ní àléébù rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ hàn sójú: ìkéde, ìwé, ìbéèrè. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ẹnu ọ̀nà àṣẹ́gbé ni àwọn èèyàn gbà pé ó ti jáde, bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Kí ọ̀rọ̀ Èkó tó ṣẹlẹ̀, nǹkan mìíràn ti ń lọ ní Abẹ́òkúta níbí, ní Arò, tí mo rò pé ó yẹ kó gbajúmọ̀ ju báyìí lọ. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó jáde ní Baptist Boys' High School, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ló gba àkóso ilé ìwòsàn àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ ní Arò ní 1954. Ohun tó ṣe yà gbogbo ayé lẹ́nu. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, kálukú pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní àárọ̀, wọ́n á wá gba oògùn nílé ìwòsàn, nígbà tó bá yá, wọ́n á padà sí abúlé. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, torí àwọn ló mọ bí aláìsàn ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe é, àwọn ló mọ ohun tí ẹbí rò pé ó fà á.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Láàárín àkókò yẹn náà ni Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Arò dòwò pọ̀. Alexander Leighton kó àwọn èèyàn tiẹ̀ wá, Lambo kó tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jọ wọ abúlé lọ, wọ́n jọ wọ ìgboro Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn Yorùbá léèrè nípa àárẹ̀ ọkàn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀ ní ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n Cornell kò ní, kò sì sí sàtífíkéètì tó lè fún un. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àjọṣe tó dọ́gba nìyẹn, tàbí tó súnmọ́ ọn.

Mo ní tó súnmọ́ ọn, torí ẹ wo orúkọ àwọn tó kọ ìwé náà. Orúkọ Lambo wà níbẹ̀ láàárín ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Orúkọ oníṣègùn ìbílẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n wúlò tó láti ṣiṣẹ́, wọn ò wúlò tó láti jẹ́ olùkọ̀wé. Ìbéèrè Blyden ti 1872 tún padà dé láti ẹ̀yìnkùlé: àwa náà, nígbà tí a di afọbajẹ, irú ìmọ̀ wo la gbà wọlé? Lambo lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963 àti gíwá ní 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn oníṣègùn tó bá a ṣiṣẹ́ padà sí abúlé wọn.

Àwọn ọdún 1980, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Owó náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, àwọn olùkọ́ tí Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n gba Saudi Arabia lọ, wọ́n gba Amẹ́ríkà lọ. Japa kò bẹ̀rẹ̀ lórí Twitter. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ kò ju pé nígbà tí olùkọ́ bá ti lọ tán, kò sí ẹni tí ìgbìmọ̀ kankan máa rí yàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àjọṣe pẹ̀lú òkè òkun ti tún gbérí, tí èdè rẹ̀ sì yí padà.

Lónìí, àwọn ẹ̀kọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ń ṣe ti pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá Pan African University sílẹ̀ ní 2011, wọ́n pín in sí ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún káàkiri Áfíríkà, ọ̀kan nínú wọn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀ ayé. Ní FUTA, Àkúrẹ́, ìjọba Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ ń ṣe WASCAL, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń kọ́ nípa ojú ọjọ́. Àti ní Abẹ́òkúta wa níbí, FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, wà lára àwọn tí Báńkì Àgbáyé yàn ní 2014 láti gbé ibùdó ìmọ̀ àkànṣe kalẹ̀. CEADESE ni wọ́n ń pe tiwọn. Owó tí ibùdó kọ̀ọ̀kan lè rí gbà nínú ètò náà tó mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń san owó náà, torí ibẹ̀ ni afọbajẹ tuntun wà. Báńkì Àgbáyé kò rán ọ̀jọ̀gbọ́n London kan wá jókòó sórí ìgbìmọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n so owó mọ́ àbájáde: ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, a ó san tó báyìí, ẹ jẹ́ kí àjọ àgbáyé kan yẹ ẹ̀kọ́ yín wò kó sì fọwọ́ sí i, a ó san tó báyìí, ẹ tẹ ìwádìí jáde nínú jọ́nà tí ayé mọ̀, a ó san tó báyìí. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń yan olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yàn án mọ irú ẹni tí owó náà ń wá: ẹni tó ní ìwé púpọ̀ nínú jọ́nà òkè òkun, ẹni tó mọ àwọn èèyàn ní yunifásítì ìta. Olùkọ́ tó lo ogún ọdún lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ewékorò, tó mọ ẹ̀gẹ́ wọn àti ilẹ̀ wọn bí ẹní mowó, tó sì ń ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá, ibo ni wọ́n máa ka iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí fọ́ọ̀mù yẹn?

Mi ò sọ pé kí wọ́n da ètò náà nù. Láìsí i, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ni ìbá ṣófo, ọmọ Ghana tàbí ọmọ Benin kò sì ní rí ìdí tó fi máa wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Abẹ́òkúta. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò bá ní, a sì ti jẹ ẹni tí kò ní fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní ojú àti orúkọ, ó ti wọ inú fọ́ọ̀mù. Ẹ lè bá ìgbìmọ̀ jà. Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jà, wọ́n fọwọ́ sí ohun tí wọ́n gbàgbọ́ lójú àwọn tí ìjọba fẹ́ gbọ́ tiwọn. Fọ́ọ̀mù kì í bá èèyàn jiyàn.

Nǹkan kan ṣì kù láti ìgbà London tí kò tíì kúrò nínú yunifásítì wa. Kò sí ẹni tó lè gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó láìsí olùdánwò kan láti yunifásítì mìíràn, ẹni tí wọ́n ń pè ní olùdánwò ìta. Ọjọ́ ìdánwò náà, òun ni wọ́n máa ń fi àga tó dára jù fún, òun ni wọ́n máa ń fi ìbéèrè tó le sílẹ̀ dè. Nígbà kan, London ló ń ti wá. Nísinsìnyí, ẹ̀ka ló máa ń dá orúkọ rẹ̀ fún yunifásítì láti fọwọ́ sí: ó lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n láti Nsukka, ó lè jẹ́ láti Zaria, nígbà mìíràn láti Legon. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń gba oyè náà lọ́wọ́, ẹ bi í pé ta ló dá orúkọ olùdánwò tiẹ̀, kí sì nìdí tó fi jẹ́ ẹni yẹn.